Láti Fóólítì Mẹ́fà dé Méjìlá: Ìtàn Inú Bátìrì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tó bá ń wá bátìrì ọkọ̀ ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, táyà àpààrọ̀ àti táǹkì epo ni yóò bá níbẹ̀. Bó bá yí sí ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnì wà, kò ní rí i níbẹ̀ náà. Àfi kó ṣí ilẹ̀kùn, kó gbé àga ẹ̀yìn kúrò, kó wo ọwọ́ ọ̀tún. Orí irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni bátìrì náà jókòó sí, lábẹ́ ìdí èrò ẹ̀yìn gan-an. Ó lè jẹ́ ti fóólítì 6, ó sì lè jẹ́ ti fóólítì 12. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà àti ibi tí wọ́n ṣe é fún ló ń sọ èyí tó jẹ́.

Ẹni tó ni ọkọ̀ tuntun kì í da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ó dé ìsọ̀, ó dárúkọ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé bátìrì jáde, wọ́n dè é mọ́lẹ̀, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í gba irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Iye fóólítì rẹ̀, orí bátìrì tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, gíga àpótí rẹ̀, bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe le tó, gbogbo rẹ̀ ni ẹnìkan ti jókòó pinnu lásìkò kan, nítorí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò náà. Mẹkáníìkì tó mọ ìtàn yẹn kì í ṣi bátìrì rà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi owó gidi ra ohun tí yóò jó ọkọ̀ náà ráúráú.

Òjé àti ásíìdì

Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1859. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Gaston Planté mú pẹpẹ òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ó fi rọ́bà sáàárín wọn kí wọ́n má baà kan ara wọn, ó ká wọn pọ̀ bí ẹni ń ká ẹní, ó sì rì wọ́n sínú omi tí wọ́n pò mọ́ ásíìdì imí-ọjọ́. Nígbà tó fi iná mànàmáná gba inú wọn kọjá, òjé náà gba iná pamọ́. Nígbà tó yọ wáyà iná kúrò, òjé dá iná náà padà. Irú bátìrì tí Alessandro Volta ti ṣe ní Ítálì ní ọdún 1800, tí agbára rẹ̀ bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ti Planté ni àkọ́kọ́ tó ṣeé ṣáájì, tó tún ṣeé lò léraléra.

Òjé tó lò kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ó wúwo, ó rọ̀, kì í sì í dípẹtà bí irin. Ohun tó mú un wúlò nínú bátìrì ni pé ásíìdì tó ń jẹ irin mìíràn run kì í jẹ òjé tán.

Àléébù bátìrì Planté ni pé ó ń pẹ́ gan-an kí pẹpẹ òjé tó lágbára. Wọ́n ní láti máa fi iná sí i, kí wọ́n máa yọ ọ́, fún àkókò gígùn. Ní 1881, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, Camille Faure, po ìyẹ̀fun òjé di lẹ́ẹ̀, ó fi ra ara pẹpẹ náà. Iṣẹ́ yá, agbára pọ̀ sí i, àwọn ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bátìrì fún títà. Ìlànà Faure yìí ló ṣì wà nínú bátìrì tí wọ́n tò jọ sójú ìsọ̀ ní Gate n'Ìbàdàn àti ní Ládipọ̀ l'Ékòó lónìí.

Inú àpótí bátìrì pín sí yàrá-yàrá. Yàrá kan ń mú nǹkan bíi fóólítì 2 wá. Bí yàrá bá jẹ́ mẹ́ta, fóólítì 6 ni; bó bá jẹ́ mẹ́fà, fóólítì 12 ni. Bí àkọlé ara bátìrì ògbólógbòó bá ti pa rẹ́, kí èèyàn ka ìdérí tí wọ́n ń ṣí da omi sí i: mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Ọ̀nà yìí kì í tan ni jẹ.

Ẹni tó gba ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ irin

Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò nílò bátìrì ńlá. Irin tí wọ́n tì bọ iwájú ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń fi ọwọ́ yí kó tó ta. Fìtílà iwájú rẹ̀ ń jó pẹ̀lú gáàsì kábáìdì, irú iná tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń dè mọ́rí lọ sóko òru. Ìyà ńlá sì ni yíyí irin náà. Bí ẹ́ńjìnì bá ta padà lójijì, irin á gba ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣẹ́ lápá bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì fara pa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Charles Kettering, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Kó tó dé ìdí iṣẹ́ ọkọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó àwọn olùtajà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ṣe mọ́tò iná kékeré tó ń ṣí àpótí owó níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà gbà pé mọ́tò iná tí yóò yí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yóò tóbi tó ẹ́ńjìnì náà fúnra rẹ̀. Kettering ti rí i nínú ẹ̀rọ ìgbowó pé mọ́tò kékeré lè ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bó bá jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, kó sì sinmi lẹ́yìn náà. Ní 1911 ó fi kíkì rẹ̀, ìyẹn mọ́tò iná tó ń yí ẹ́ńjìnì kó lè ta, han ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Cadillac, ó sì wà lára ọkọ̀ Cadillac ti 1912. Bátìrì inú ọkọ̀ náà ń gba ọ̀nà méjì ṣiṣẹ́: bí awakọ̀ bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnì, wọ́n so ó kí agbára rẹ̀ di fóólítì 24, bí ẹ́ńjìnì bá ti ta, ó padà sí fóólítì 6 fún iná àti ṣíṣáájì.

Títò wáyà fún ìyípadà láàárín 24 àti 6 ṣòro, ó sì wọ́n. Láìpẹ́, àwọn aṣọkọ̀ rí i pé fóólítì 6 nìkan lè ta ẹ́ńjìnì kékeré ìgbà náà, bí wáyà bá ti nípọn tó. Bí fóólítì 6 ṣe gba ayé ọkọ̀ nìyẹn. Ní 1919, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíkì iná sí ọkọ̀ rẹ̀ Model T. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí kì í lo fóólítì 6 kò wọ́pọ̀.

Ìdí tí mẹ́fà fi di méjìlá

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà tóbi sí i. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́jọ dé, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fún pọ̀ gan-an, kò sì rọrùn fún kíkì láti yí i. Rédíò, ẹ̀rọ amúlégbóná àti fèrèsé tó ń fi iná gòkè náà ń béèrè agbára.

Ìṣírò rẹ̀ kò le. Ká ní kíkì kan fẹ́ wáàtì 1,200. Lórí fóólítì 6, ámpíà 200 ni yóò fà. Lórí fóólítì 12, ámpíà 100 péré ni. Bí ámpíà bá ṣe pọ̀ tó ni wáyà gbọ́dọ̀ nípọn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà ṣe ń pọ̀ sí i. Ní 1953, Cadillac, Oldsmobile àti Buick elẹ́ńjìnì ńlá bọ́ sí fóólítì 12. Chevrolet tẹ̀ lé wọn ní 1955, Ford ní 1956.

Ìṣírò yìí kan náà ló ń yọ ẹni tó ni ọkọ̀ fóólítì 6 lẹ́nu lónìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kíkì ń fà tìrọ̀tìrọ̀, tí wọ́n á ní bátìrì ló kú, tí wọ́n á tún ra tuntun, síbẹ̀ tí kò ní yí padà. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé wáyà láti orí bátìrì dé ìdí kíkì, wọ́n á rí i pé réwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ti yọ wáyà ńlá àkọ́kọ́ kúrò, ó ti fi wáyà ọkọ̀ òde òní tó tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀. Wáyà yẹn tó fún ọkọ̀ fóólítì 12. Kò tó fún ti fóólítì 6 rárá. Yíyẹ wáyà àti ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ara ọkọ̀ wò gbọ́dọ̀ ṣáájú owó bátìrì.

Ìjàpá: láti Jámánì dé Ọ̀jọ́

Beetle pẹ́ díẹ̀ lórí fóólítì 6. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà bọ́ sí 12 nínú ti ọdún 1967. Ní Yúróòpù, ìyípadà náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù tún wà lórí 6 fún ọdún díẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán pinnu, nítorí ìjàpá méjì tó jọra bí ìbejì lè má gba bátìrì kan náà.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, l'Ékòó. Ìjàpá wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì fi í ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ti fóólítì 12 ni ìjàpá Ọ̀jọ́. Àmọ́ ìjàpá ti wà ní títì Nàìjíríà kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ náà, àwọn tó sì wọlé kí ọdún 1967 tó dé gba fóólítì 6. Méjèèjì ló ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Gbogbo ìjàpá tí wọ́n ṣe láyé títí tí èyí tó kẹ́yìn fi jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003, jẹ́ 21,529,464.

Nọ́ńbà kan wà tó sábà máa ń rú àwọn olùrà lójú. Bátìrì fóólítì 6 tí ìjàpá bá wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ ti ámpíà-wákàtí 66. Ti fóólítì 12 jẹ́ 36. Ẹni tó bá wo 66 àti 36 á rò pé Volkswagen dín agbára kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. 6 lọ́nà 66 jẹ́ 396. 12 lọ́nà 36 jẹ́ 432. Bátìrì kejì ló ní agbára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ámpíà rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì kan wé èkejì gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà méjèèjì pọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ìjàpá fóólítì 6 di ti 12. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe bátìrì nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀. Gbogbo gílóòbù iná, fèrè, kọ́ìlì, ẹ̀rọ tó ń nu gíláàsì, ohun tó ń mú iná ìyà-ọ̀nà ṣẹ́jú àti dáínámò pẹ̀lú rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní láti yẹ̀ wò. Kíkì ni ibi tó ti máa ń lọ́ jù. Àgbá irin tí kíkì ń yí lára ẹ́ńjìnì ní eyín 109 nínú ìjàpá fóólítì 6. Ti fóólítì 12 tóbi jù ú lọ, eyín 130 ló ní. Kíkì ìjàpá tuntun kò ní bá eyín ti àtijọ́ mu láìjẹ́ pé wọ́n gé nǹkan tàbí pààrọ̀ àgbá náà. Fún ọkọ̀ tí ó ṣì pé bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́, bátìrì fóólítì 6 tó dára pẹ̀lú wáyà tó nípọn ló máa ń rọrùn jù, kò sì ní ba ìtàn ọkọ̀ náà jẹ́.

Ohun tó léwu jù nínú ìjàpá ni gíga bátìrì. Abẹ́ àga ẹ̀yìn kún fún sípíríǹgì irin, ohun tí wọ́n sì fi kún àga náà láyé ọjọ́un, fọ́nrán gbígbẹ bí èèpo àgbọn ni. Bí bátìrì bá ga ju bó ṣe yẹ, tí èèyàn méjì tó sanra jókòó sẹ́yìn, tí ọkọ̀ wá já sí kòtò, sípíríǹgì á sọ̀ kalẹ̀, yóò kan orí bátìrì méjèèjì pa pọ̀. Iná á ta. Fọ́nrán gbígbẹ á gbà á. Volkswagen mọ ewu yìí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ìdérí bo bátìrì láti ilé iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàpá tó kù lónìí, ìdérí náà ti sọnù tipẹ́. Ẹni tó bá ń ra bátìrì gbọ́dọ̀ fi tépù wọn ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ sípíríǹgì, kó wọn bátìrì náà mọ́ orí rẹ̀, kó sì ṣe ìdérí tí kì í gba iná kọjá.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fún ìwọ̀n àpótí bátìrì ní nọ́ńbà. Èyí tó bá ìjàpá fóólítì 12 mu ni wọ́n ń pè ní 42, ó kúrú ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní ìsọ̀ Nàìjíríà, ámpíà ni wọ́n sábà máa fi ń dárúkọ bátìrì, ámpíà kì í sì í sọ bí àpótí ṣe ga tó. Tépù ìwọn ṣe pàtàkì níbí ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára bátìrì lọ.

Orí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì so mọ́lẹ̀

Ní àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ lójú títì Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ni Morris Minor, Austin àti Hillman, nítorí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà. Fóólítì 12 ni Morris Minor láti ìgbà tó ti jáde ní 1948. Àmọ́ orí pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe nẹ́gátíìfù bíi tòde òní. Ford Amẹ́ríkà náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1955.

Nígbà tí ọ́tánétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò dáínámò nídìí ṣíṣáájì bátìrì, àwọn aṣọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà sí nẹ́gátíìfù. MGB, ọkọ̀ eré ìje kékeré tó jáde ní 1962, ṣe tirẹ̀ ní ìparí 1967. MGB yìí tún ní nǹkan mìíràn lára: bátìrì rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Fóólítì 6 méjì ni wọ́n so tẹ̀ léra, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún, lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn àga, pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń lọ sí táyà ẹ̀yìn láàárín wọn. Nǹkan bí ọdún 1974 ni wọ́n tó fi bátìrì fóólítì 12 kan ṣoṣo rọ́pò méjèèjì. Ẹni tó bá ra MGB 1965, tó sì pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì, yóò rí i pé ògbólógbòó ń fa tuntun lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn.

Ewu ọkọ̀ tí wọ́n so pọ́sítíìfù mọ́ ara rẹ̀ ni pé ojú réwáyà òde òní kò mọ́ ọn. Bó bá so bátìrì bó ṣe mọ̀ ọ́n, rédíò ìgbà náà lè jó, àwọn ohun èlò mìíràn lè bàjẹ́. Ohun kan wà tó lè kìlọ̀ fún un. Orí pọ́sítíìfù bátìrì sanra ju ti nẹ́gátíìfù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu wáyà tó ń dè é. Bí wáyà tó lọ sí ara ọkọ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́nu gbígbòòrò, pọ́sítíìfù ló ń wá. Bí ẹnìkan bá sì rí i pé wọ́n ti fi òòlù lu ẹnu wáyà kan kó tó wọlé, tàbí pé wọ́n ti fi páànù sí èkejì kó tó le, kó dúró, kó wá ìwé ọkọ̀ náà kó tó so ohunkóhun.

Àpótí dúdú àti ọ̀dà

Bátìrì àwọn ọdún 1930 sí 1950 kò jọ ti òní lójú. Rọ́bà líle dúdú ni àpótí rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n yọ́ dà sórí rẹ̀ láti dí i pa, ọ̀pá òjé tó so yàrá pọ̀ sì hàn síta, tí èèyàn lè fi ìka kàn án. Bí yàrá kan bá kú, oníṣẹ́ bátìrì lè yọ́ ọ̀dà náà, kó fa pẹpẹ òjé jáde, kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, àwọn tó ń ṣe é sì ní ìsọ̀ tiwọn.

Ní àwọn ọdún 1960, ike fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ polypropylene rọ́pò rọ́bà. Ó fúyẹ́, kì í tètè fọ́, àyè inú rẹ̀ sì gba òjé púpọ̀ sí i. Wọ́n wá yọ́ ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Láti ìgbà náà ni títún yàrá bátìrì ṣe ti ń parẹ́.

Fún àwọn tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbi ìdíje, ìrísí yìí ní ìtumọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, Antique Automobile Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá ti ìgbà tó jáde mu. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ṣì ń ṣe bátìrì aláwọ̀ dúdú tó ní ọ̀dà àti ọ̀pá òjé lórí, àmọ́ tí inú rẹ̀ jẹ́ tuntun. Ó wọ́n. Ẹni tí kò lọ síbi ìdíje kò nílò rẹ̀.

Òtútù wọn, ooru wa

Lára ọ̀pọ̀ bátìrì tó ń ti òkè òkun wọlé ni wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá kan sí, tó ń sọ agbára tí bátìrì náà ní láti ta ẹ́ńjìnì nínú òtútù. Bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà náà ni pé wọ́n á mú bátìrì dé ìwọ̀n òtútù 18 nísàlẹ̀ òdo Sẹ́ńtígíréèdì, wọ́n á sì wo iye ámpíà tó lè mú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìjẹ́ kí agbára rẹ̀, bó bá jẹ́ ti fóólítì 12, wálẹ̀ ju fóólítì 7.2 lọ. Ní Chicago, nọ́ńbà yìí lè dá ọkọ̀ dúró tàbí kó mú un lọ. Ní Òṣogbo, òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí. Ooru ló ń pa bátìrì níbí. Ó ń gbẹ omi inú rẹ̀, ó sì ń mú kí pẹpẹ òjé tètè jẹ.

Àwọn tó ń ṣe bátìrì fún ilẹ̀ olóoru ti mọ èyí tipẹ́. Níbi tí ásíìdì bátìrì ilẹ̀ tútù máa ń wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 1.280 omi, wọ́n máa ń fi ti ilẹ̀ olóoru sí nǹkan bí 1.240, kó má baà jẹ òjé jù. Wọ́n tún ń kó bátìrì ránṣẹ́ ní gbígbẹ, ásíìdì nínú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀, kí wọ́n má baà fi oṣù gbáko bà á jẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àti ilé ìkẹ́rù. Ojú ẹni tó ń rà á ni wọ́n ti ń da ásíìdì sí i. Irú èyí dára fún ọkọ̀ àtijọ́, bí ẹni tó ń dà á bá mọ iṣẹ́: kó dà á bo pẹpẹ òjé, kó dúró díẹ̀ kí òjé mu ún, kó ṣáájì í, kó sì fi ìgò ìwọn ásíìdì wo yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó tó gbé e fún oníbàárà.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ásíìdì kì í wọ inú rẹ̀ mọ́. Omi nìkan ló ń gbẹ, omi bátìrì nìkan ni wọ́n ń dá padà. Àwọn tó ń da ásíìdì sí bátìrì tó ti rẹ̀ láti jí i dìde, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi ta kébékébé. Ásíìdì líle náà á jẹ pẹpẹ òjé, bátìrì náà á sì kú pátápátá.

Bátìrì tí wọ́n dí pa tún wà. Ní 1957, Otto Jache ti ilé iṣẹ́ Sonnenschein ní Jámánì sọ ásíìdì di ohun kíki bí ògì tútù, tí kì í dà sílẹ̀. Ní 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Gates ní Denver, ní Amẹ́ríkà, fi bébà fọ́nrán gíláàsì mu ásíìdì sáàárín pẹpẹ òjé, wọ́n sì tún ká pẹpẹ náà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Planté ti ṣe ní 1859. Irú bátìrì gíláàsì yìí wúlò gan-an fún ìjàpá, nítorí kò sí ásíìdì tó ń kán sórí irin ilẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó mọ ìjàpá rà kì í sanwó láìgbé àga ẹ̀yìn, torí abẹ́ bátìrì ni ilẹ̀ rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ lu. Wọ́n ń ṣe irú bátìrì gíláàsì yìí ní fóólítì 6 náà. Ohun tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ni rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́. Bí ó bá ń rọ iná sínú bátìrì ju bó ṣe yẹ lọ, bátìrì tí wọ́n dí pa kò ní ibi tí wọ́n ti lè dá omi rẹ̀ padà. Kí wọ́n fi mítà wọn orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ohun tí ẹni tó ṣe bátìrì náà kọ sílẹ̀.

Ibi tí ògbólógbòó ń lọ

Bí tuntun bá wọlé, àtijọ́ gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Òjé tó pọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó sì níye lórí. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún bátìrì òjé ni wọ́n ń gbà padà tí wọ́n ń yọ́ di tuntun, nítorí olùtajà máa ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ ẹni tí kò bá dá àtijọ́ padà.

Níbi tí wọn kò bá ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀mí ló ń lọ sí i. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn èèyàn ń fọ́ bátìrì, wọ́n sì ń sẹ́ yẹ̀pẹ̀ tó ti kún fún òjé láàárín ilé. Láàárín ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nílé wa, ní Olódò lẹ́bàá Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ kan ti da pàǹtí rẹ̀ sí, ìwádìí wọn tó jáde ní 2009 sì fi hàn pé òjé ti wọ ilẹ̀ náà gan-an. Òjé kì í jẹrà nínú ilẹ̀. Ó ń bá eruku wọ ẹnu ọmọ tó ń ṣeré níta, ọpọlọ rẹ̀ ló sì ń bà jẹ́ jù.

Nítorí náà, ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì ìjàpá tàbí Morris rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ da ásíìdì sí gọ́tà kí ẹrù lè fúyẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tí yóò fi àáké là á lẹ́yìn ilé. Kó gbé e dúró ṣánṣán, kó fi rọ́bà bo orí rẹ̀ méjèèjì, kó gbé e lọ ní odindi fún olùtajà tó ń kó wọn fún ilé iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ, kó sì béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà kó tó gba owó rẹ̀.